Orí Kẹfà: Owó Ìrànwọ́ Agbègbè àti Ìsọjí Àárín Ìlú

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀

Nígbà tí o bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí o lè:

- ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàrin owó ìrànwọ́, owó ẹ̀yáwó àti ẹ̀dínwó owó orí;
- sọ ohun tó mú kí àárín ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà dahoro lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì;
- tọ ipa ọ̀nà tí owó ìsọjí ń gbà ní Ìpínlẹ̀ New York títí tó fi dé ọwọ́ ẹni tó ń kọ́lé;
- ṣírò àlàfo owó nínú àtúnṣe ilé kan;
- gbé èrè àti ewu irú ètò bẹ́ẹ̀ lé orí ìwọ̀n.

6.1 Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Nínú orí yìí, *àárín ìlú* ni ibi tí ilé ìjọba, ṣọ́ọ̀bù, báńkì, ilé ìjọsìn àti ilé gbígbé ti kún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn ká a. *Ìsọjí àárín ìlú* ni gbogbo iṣẹ́ tí à ń ṣe kí èrò lè padà síbẹ̀: kí ilé tó ti tì pa tún ṣí, kí ènìyàn tún máa gbé lókè ṣọ́ọ̀bù, kí títà àti rírà tún gbèrú.

*Owó ìrànwọ́* ni owó tí ìjọba tàbí àjọ kan fún ènìyàn, ilé-iṣẹ́ tàbí ìlú láti ṣe iṣẹ́ kan pàtó. Ẹni tó gbà á kò ní dá a padà, bí ó bá ti ṣe iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú àdéhùn. *Owó ẹ̀yáwó* ní tirẹ̀ di dandan kí a dá padà pẹ̀lú èlé. *Ẹ̀dínwó owó orí* kì í ṣe owó tí a kà síni lọ́wọ́; ìjọba kàn yọ iye kan kúrò nínú owó orí tí ẹni náà ìbá san ni.

*Agbègbè* sábà máa ń tóbi ju ìlú kan lọ, kì í sì í sábà tó odindi ìpínlẹ̀. Ó jẹ́ àkójọ káúńtì mélòó kan tí títì, òwò àti òṣìṣẹ́ ti so pọ̀. Ẹni tó ń gbé ní ìlú kan lè máa ṣiṣẹ́ ní ìlú kejì, kó sì máa najà ní ìlú kẹta. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń pín owó ìdàgbàsókè fi máa ń fẹ́ láti wo agbègbè lápapọ̀ kí wọ́n tó yan ìlú.

Ẹ̀kọ́ kan ló gba gbogbo orí yìí kọjá. Owó ìrànwọ́ kì í sọ ìlú jí bí wọ́n bá fọ́n ọn káàkiri. Ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá kó o sójú kan, tí àwọn tó mọ agbègbè náà bá lọ́wọ́ sí yíyan ibi tí yóò lọ, tí àwọn ará ìlú sì fi owó tiwọn náà kún un. Àwọn àgbà ní àìkówọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Iṣẹ́ ìdàgbàsókè tí kálukú ń dá ṣe ní igun tirẹ̀ kì í pẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

6.2 Bí àárín ìlú ṣe dahoro

Títí di nǹkan bí ọdún 1950, àárín ìlú ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ra aṣọ, ti ń lọ sí báńkì, tí wọ́n sì ti ń wo sinimá. Nǹkan mẹ́ta ló kó èrò kúrò níbẹ̀.

Èkíní ni ọ̀nà. Ní ọdún 1956, Ààrẹ Dwight Eisenhower fọwọ́ sí òfin tó fàyè gba 41,000 máìlì títì márosẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì gbà láti san ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ lè wá máa gbé níbi tó jìnnà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọjà náà sì tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ. Ní ọdún 1956 kan náà ni Southdale ṣí ní Edina, Ìpínlẹ̀ Minnesota, pẹ̀lú àwòrán tí Victor Gruen yà: àìmọye ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ òrùlé kan, tí ilẹ̀ tó gbòòrò fún ìgbọ́kọ̀sí sì yí i ká. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ tàn ká gbogbo orílẹ̀-èdè náà.

Èkejì ni ilé. Láti ọdún 1934 ni àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní FHA ti ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún owó tí báńkì ń yá àwọn tó fẹ́ ra ilé. Òfin ọdún 1944 fún àwọn ológun tó ti ojú ogun dé tún mú kí ilé rọrùn láti rà. Ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti gbòòrò, ni ọ̀pọ̀ owó náà bá lọ. Ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, FHA kọ̀, kò ṣe onígbọ̀wọ́. Bí àwọn aláwọ̀ funfun tó rí owó yá ṣe ń ṣí lọ, àwọn tó kù sẹ́yìn kò rí owó tí wọ́n lè fi tún ilé tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ṣe. Ìwà ìrẹ́jẹ tó ní ọwọ́ ìjọba nínú ni, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn pé ìdahoro àárín ìlú kì í ṣe àmúwá ọjà nìkan.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́. Ní àríwá-ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ló gbára lé ilé-iṣẹ́ kan tàbí iṣẹ́ ọwọ́ kan. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá kógbá sílé, owó oṣù tó ń gbọ́ bùkátà àwọn ṣọ́ọ̀bù àárín ìlú náà á dáwọ́ dúró.

Láti ibẹ̀, àìsàn náà á máa bí ara rẹ̀. Èrò dín kù, ṣọ́ọ̀bù ti ilẹ̀kùn. Iye tí ilé tó já wálẹ̀, owó orí tó ń wọlé fún ìlú náà sì já wálẹ̀. Ìlú kò wá rí owó tún títì ṣe mọ́, àwọn tó kù bá tún ń lọ. Nínú irú ipò yìí, onílé kan ṣoṣo kò lè tún ilé rẹ̀ ṣe kó sì jèrè, torí ayálégbé kì í fẹ́ gbé láàrin ahoro. Bí ilé mẹ́wàá bá jọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ni yóò jèrè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ ṣáájú, olúkúlùkù ń dúró de ẹnìkejì. Ibi tí ìdúró-dera-ẹni yìí wà gan-an ni owó ìrànwọ́ ti wúlò: òun ni yóò mú kí ẹni àkọ́kọ́ gbéra.

6.3 Àwọn ìgbìyànjú tó ṣáájú

Ìwòsàn tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ mú wá le ju àìsàn lọ. Òfin Ilé Gbígbé ti ọdún 1949 fún àwọn ìlú láǹfààní láti gba ilẹ̀, kí wọ́n wó ilé tó wà lórí rẹ̀, kí wọ́n sì tà á fún àwọn tí yóò kọ́ tuntun; ìjọba àpapọ̀ a sì san ìdá méjì nínú mẹ́ta àdánù owó tó bá ti ibẹ̀ wá. Wọ́n wó àdúgbò lódindi. Àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú àti ti àwọn òtòṣì ló jìyà jù. Ní Kingston, ìlú kan lẹ́bàá odò Hudson ní New York, apá ńlá nínú àdúgbò Rondout ni wọ́n wó ní àwọn ọdún 1960. Àárín ìlú kì í tètè gbàgbé irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1965, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dá Appalachian Regional Commission sílẹ̀, tí a ó máa pè ní ARC. Iṣẹ́ àjọ yìí ni láti gbé agbègbè òkè Appalachia dìde kúrò nínú òṣì. Ìpínlẹ̀ 13 ló wà nínú rẹ̀ lónìí, pẹ̀lú káúńtì 423. Káúńtì 14 nínú wọn wà ní gúúsù New York. Aṣojú ìjọba àpapọ̀ kan àti àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ wọ̀nyẹn ló jọ ń darí rẹ̀. Lọ́dọọdún ni ARC ń pín àwọn káúńtì sí ìpele márùn-ún nípa wíwo iye àwọn tí kò níṣẹ́, owó tó ń wọlé fún ará ìlú àti iye àwọn tó wà nínú òṣì. Káúńtì tó tòṣì jù lọ lè gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ kan. Èyí tó wà ní ìpele àárín lè gba ìdá 50. Èyí tí ara ti tù díẹ̀ lè gba ìdá 30. Owó yòókù ni agbègbè náà yóò wá fúnra rẹ̀. Ìlànà méjì pàtàkì ló wà níbẹ̀: ẹni tó ṣaláìní jù ló ń gbà jù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní mú nǹkan wá.

Ọ̀nà kẹta kéré lójú, ó sì jinlẹ̀. Ní ọdún 1977, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, National Trust for Historic Preservation, yan ìlú kékeré mẹ́ta fún ìdánwò: Galesburg ní Illinois, Madison ní Indiana, àti Hot Springs ní South Dakota. Wọ́n gba alámòójútó kan sí ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju àárín ìlú lọ. Nígbà tó di ọdún 1980, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Main Street sílẹ̀ láti tan ọgbọ́n náà káàkiri. Òpó mẹ́rin ló gbé e dúró: ìṣètò àwọn ènìyàn, ìpolówó, ẹwà ilé àti òpópónà, àti okun ọrọ̀ ajé. Wọn kò wó ilé, wọ́n tún un ṣe. Ètò New York tí a fẹ́ yẹ̀ wò mú nǹkan lára ARC, ó sì mú nǹkan lára Main Street.

6.4 Ìgbìmọ̀ agbègbè mẹ́wàá ti New York

Ní ọdún 2011, Gómìnà Andrew Cuomo pín Ìpínlẹ̀ New York sí agbègbè mẹ́wàá fún ètò ọrọ̀ ajé, ó sì dá ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè kan sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn agbègbè náà ni Western New York, Finger Lakes, Southern Tier, Central New York, Mohawk Valley, North Country, Capital Region, Mid-Hudson, New York City àti Long Island. Àwọn oníṣòwò, olórí yunifásítì, aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àwọn àjọ aláàánú àti àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ló ń jókòó nínú ìgbìmọ̀. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, igbákejì gómìnà ni alága gbogbo wọn lápapọ̀.

Ṣáájú àkókò yẹn, ìlú tó bá ń wá owó ìrànwọ́ gbọ́dọ̀ máa kan ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ ìjọba lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2011, ìwé ìtọrọ kan ṣoṣo ló ń ṣí ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbìmọ̀ agbègbè sì ń fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní máàkì gẹ́gẹ́ bó ṣe bá ètò agbègbè náà mu.

Ní ọdún 2016 ni ètò tó kan àárín ìlú gan-an dé, èyí tí wọ́n ń pè ní Downtown Revitalization Initiative, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ sí DRI. Mílíọ̀nù 100 dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀: ìlú kan ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 10 dọ́là fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní náà ni Jamestown, Geneva, Elmira, Oswego, Oneonta, Plattsburgh, Glens Falls, Middletown, Westbury, àti Jamaica tó wà ní Queens. Ètò náà ń bá a lọ lábẹ́ Gómìnà Kathy Hochul. Ní ọdún 2022, ìjọba dá ètò àbúrò kan sílẹ̀, NY Forward, fún àwọn ìlú kéékèèké tí kò lè bá àwọn ńlá díje, mílíọ̀nù 4.5 tàbí mílíọ̀nù 2.25 dọ́là ni ìlú ń gbà níbẹ̀.

Wo ohun tí ètò yìí yàn láti ṣe. Bí wọ́n bá pín mílíọ̀nù 100 dọ́là dọ́gba-dọ́gba fún gbogbo ìlú àti abúlé ìpínlẹ̀ náà, ohun tí yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní ju àtúnṣe títì díẹ̀ lọ. Kíkó o sí àárín ìlú mẹ́wàá lọ́dún túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ìlú yóò dúró de ìgbà tiwọn, ṣùgbọ́n ìlú tó bá kàn yóò rí ìyípadà tí ojú lè rí.

6.5 Ìrìn owó náà, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀

*Ìgbésẹ̀ kìíní: ìdíje.* Ìlú kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ agbègbè rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé àárín ìlú òun ní ààlà tó ṣe kedere, pé ó ṣeé fẹsẹ̀ rìn, pé iṣẹ́ wà nítòsí tàbí ó ń bọ̀, pé owó mìíràn ti ń wọlé síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé àwọn ará ìlú ti jọ jókòó sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ìlú tó ti kú pátápátá kì í sábà yege. Èyí tó ń jà láti dìde ni wọ́n ń wá.

*Ìgbésẹ̀ kejì: yíyàn.* Ìgbìmọ̀ agbègbè dábàá ìlú, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde rẹ̀.

*Ìgbésẹ̀ kẹta: ètò.* Nínú mílíọ̀nù 10 dọ́là ti ìpele àkọ́kọ́, 300,000 dọ́là ni wọ́n yọ fún ìwéwèé; mílíọ̀nù 9.7 ló kù fún iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, olórí ìlú àti ọ̀kan nínú ọmọ ìgbìmọ̀ agbègbè sì máa ń jọ ṣe alága rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìwéwèé tí ìpínlẹ̀ gbà ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ìpàdé náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ará ìlú.

*Ìgbésẹ̀ kẹrin: iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe.* Oríṣi mẹ́rin ló sábà máa ń wà: àtúnṣe òpópónà, pápá ìṣeré àti etí odò, kíkọ́ ilé tuntun tàbí títún ilé àtijọ́ ṣe, ìpolówó ìlú, àti àpò owó kékeré tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù lè tọrọ láti tún iwájú ilé wọn ṣe tàbí láti ra irinṣẹ́. Iye tí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ń dábàá máa ń ju owó tó wà nílẹ̀ lọ, ìpínlẹ̀ ló sì ń yan èyí tí yóò gba owó.

*Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àdéhùn àti sísan.* Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ètò yìí gbọ́. Ìjọba kì í sábà gbé owó lé ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní ọjọ́ tó kéde rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá owó, yóò ṣiṣẹ́, yóò kó ìwé ẹ̀rí ìnáwó jọ. Lẹ́yìn náà ni ìpínlẹ̀ yóò san owó ìrànwọ́ padà fún un. Èyí ń dáàbò bo owó ìlú, ṣùgbọ́n ó ń ni oníṣòwò kékeré lára, torí báńkì gbọ́dọ̀ bá a bo àárín ìgbà iṣẹ́ àti ìgbà ìsanwó. Ọ̀pọ̀ ọdún lè wà láàrin ìkéde àti ṣíṣí ilẹ̀kùn.

6.6 Ìṣirò àlàfo

Báwo ni a ṣe ń mọ iye owó ìrànwọ́ tí iṣẹ́ kan nílò? A máa ń wá *àlàfo*: ìyàtọ̀ láàrin ohun tí iṣẹ́ náà ná wa àti owó tí a lè rí níbòmíràn. Àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe ilé kan pàtó. A gbé e kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ni.

Ká sọ pé onílé kan fẹ́ tún ilé bíríkì àtijọ́ ṣe ní àárín ìlú, kó ní ṣọ́ọ̀bù kan nísàlẹ̀ àti ilé gbígbé mẹ́jọ lókè.

Rírà ilé: 300,000 dọ́là
Àtúnṣe: 1,900,000 dọ́là
Àwòrán, ìwé àṣẹ, agbẹjọ́rò: 200,000 dọ́là
Àpapọ̀: 2,400,000 dọ́là

Ilé gbígbé kọ̀ọ̀kan yóò mú 1,000 dọ́là wọlé lóṣù, ṣọ́ọ̀bù yóò mú 2,000 dọ́là. Ìyẹn jẹ́ 120,000 dọ́là lọ́dún. Yọ 40,000 kúrò fún owó orí, ìbánigbófò, àtúnṣe àti àkókò tí yàrá lè ṣófo; 80,000 dọ́là ló kù. Báńkì ń fẹ́ kí owó tó ń wọlé fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju owó tí onílé yóò máa dá padà lọ, kó má bàa sí ewu. Nítorí náà, 80,000 ÷ 1.25 = 64,000 dọ́là ni onílé lè máa san lọ́dún. Bí ìsanpadà ọdọọdún bá jẹ́ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó yá, báńkì lè yá a ní 800,000 dọ́là.

Onílé ní 500,000 dọ́là tirẹ̀. Nítorí pé ilé náà wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé àtijọ́ tó níyì, òfin ìjọba àpapọ̀ fàyè gba ẹ̀dínwó owó orí tó jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó àtúnṣe: 380,000 dọ́là.

Owó tó wà nílẹ̀: 800,000 + 500,000 + 380,000 = 1,680,000 dọ́là
Àlàfo: 2,400,000 − 1,680,000 = 720,000 dọ́là

Owó ìrànwọ́ 720,000 dọ́là yóò dí àlàfo náà. Ó jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìnáwó. Dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ìpínlẹ̀ fi sílẹ̀ fa dọ́là 2.33 mìíràn wọlé. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra: 380,000 nínú owó mìíràn yẹn jẹ́ owó ìjọba náà. Bí o bá ń ka ìròyìn pé owó ìrànwọ́ kan fa owó aládàáni rẹpẹtẹ wọlé, béèrè bóyá wọ́n ti yọ ẹ̀dínwó owó orí kúrò nínú rẹ̀.

Ìṣirò yìí tún fi ohun kan hàn. Bí àárín ìlú bá sọjí tí owó ilé sì gòkè, báńkì yóò yá onílé tó tẹ̀ lé e lówó tó pọ̀ jù èyí, àlàfo rẹ̀ yóò sì kéré. Àmì ètò rere ni pé àlàfo ń dín kù láti ilé dé ilé, títí di ìgbà tí onílé kò ní nílò ìjọba mọ́.

6.7 Ìlú mẹ́ta

*Jamestown.* Ìlú àga àti tábìlì ni Jamestown ní ìwọ̀-oòrùn New York. Àwọn ará Sweden tó ṣí wá síbẹ̀ pọ̀ nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀. Ní ọdún 1930, ó ju 45,000 ènìyàn lọ tó ń gbé ibẹ̀. Ní ìkànìyàn ọdún 2020, wọn kò tó 29,000 mọ́. Ìlú náà ronú ohun tí òun ní tí ìlú mìíràn kò ní: ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Lucille Ball, òṣèré aláwàdà olókìkí, ní ọdún 1911. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018 ni National Comedy Center ṣí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa iṣẹ́ àwàdà. Owó DRI tó dé ní ọdún 2016 bá iṣẹ́ yìí lójú ọ̀nà, wọ́n sì lò ó fún ohun tó yí i ká, bí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ etí odò Chadakoin, kí àlejò tó bá wá wo àwàdà má bàa wọ ọkọ̀ padà lọ kíákíá. Jamestown kọ́ wa pé kí a wá owó ìrànwọ́ fún ohun tó jẹ́ tiwa.

*Elmira.* Ní oṣù Kẹfà ọdún 1972, ìjì Agnes mú kí odò Chemung kún àkúnya, omi sì ba àárín ìlú Elmira jẹ́ gidigidi. Àwọn ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000 ní ọdún 1950 di bíi 26,500 ní ọdún 2020. Ìlú náà darí owó DRI rẹ̀ sí ilé gbígbé. Ní òpópónà West Water Street, ilé tuntun dìde tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ àti ilé gbígbé lókè. Ní ọdún 2020 kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ṣí ní Elmira, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá ibi tí wọn yóò máa gbé. Ẹni tó ń sùn ní àárín ìlú ni yóò ra búrẹ́dì níbẹ̀ láàárọ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìwéwèé fi ń fi ilé gbígbé ṣáájú ọjà.

*Kingston.* Ìlú tí wọ́n wó Rondout rẹ̀ nì ni olú-ìlú àkọ́kọ́ fún Ìpínlẹ̀ New York, ní ọdún 1777. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ IBM tó wà nítòsí rẹ̀ kógbá sílé. Ní ọdún 2017, Kingston gba mílíọ̀nù 10 dọ́là fún àdúgbò Stockade, ibi tí àwọn ará Netherlands tẹ̀dó sí láti ọdún 1658. Iṣẹ́ tó tóbi jù nínú ètò náà, Kingstonian, tó fẹ́ kọ́ ilé gbígbé, hòtẹ́ẹ̀lì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí, bọ́ sínú ẹjọ́ lórí ẹjọ́. Lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, àwọn ará New York City rọ́ wá, owó ilé sì fò sókè. Ní ọdún 2022, ìgbìmọ̀ ìlú Kingston kéde pé ilé gbígbé tó ṣófo kò pọ̀ tó mọ́, ó sì fi òfin kó owó ilé ní ìjánu, ìlú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní apá òkè ìpínlẹ̀ náà.

6.8 Ewu tó wà níbẹ̀

Kingston ṣí wa lójú sí ewu tó tóbi jù: ìsọjí lè lé àwọn tó fara da ahoro náà jáde. Ayálégbé tó dúró ti ìlú nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kó ẹrù nígbà tí ìlú bá dùn. Ó yẹ kí àdéhùn owó ìrànwọ́ ní àyè fún ilé tí owó rẹ̀ kò ní wọ́n, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ṣáájú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí lẹ́yìn tí owó ilé bá ti gòkè, kò sí ohun tí a lè fi fa onílé padà.

Ewu kejì ni ìdíje fúnra rẹ̀. Ìlú tó ní àwọn akọ̀wé tó mọ ìwé ìtọrọ í kọ máa ń borí ìlú tó ṣaláìní jù ú lọ ṣùgbọ́n tí kò ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. NY Forward dín èyí kù, kò mú un kúrò pátápátá. Ìlànà ARC, tó ń fún ẹni tó tòṣì jù ní ìdá tó pọ̀ jù, ṣe déédéé jù ú lọ ní apá yìí.

Ewu kẹta ni ìtọ́jú. Owó ìrànwọ́ ń kọ́ pápá ìṣeré, kì í gbá a. Ìlú tó gba orísun omi ẹ̀ṣọ́ lónìí láìní ètò fún ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́dún karùn-ún ti gba gbèsè.

Láìka gbogbo èyí sí, ètò tó kó owó sójú kan tó sì fún agbègbè ní ohùn sàn ju ìwólé ọdún 1949 lọ, ó sì sàn ju pínpín owó bí ìpanu lọ.

Àkópọ̀

- Àárín ìlú Amẹ́ríkà dahoro nítorí títì márosẹ̀, ìlànà owó ilé tó ṣe ojúsàájú, àti ilé-iṣẹ́ tó kógbá sílé.
- Owó ìrànwọ́ wúlò níbi tí onílé kọ̀ọ̀kan ti ń dúró de ẹnìkejì.
- DRI kó mílíọ̀nù 10 dọ́là sí àárín ìlú kan ní agbègbè kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2016.
- Àlàfo ni a fi ń díwọ̀n owó ìrànwọ́: kò gbọdọ̀ dín, kò sì gbọdọ̀ lé.
- Ìsọjí tí kò dáàbò bo ayálégbé kò pé.

Ìdánrawò

1. Sọ ìyàtọ̀ mẹ́ta láàrin owó ìrànwọ́ àti owó ẹ̀yáwó.
2. Kí ló dé tí onílé kan ṣoṣo kò fi lè sọ àárín ìlú tó ti dahoro jí?
3. Tún ìṣirò 6.6 ṣe, ṣùgbọ́n kí owó ilé gbígbé kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,250 dọ́là lóṣù. Mélòó ni àlàfo náà? Kí ni èyí sọ fún ọ?
4. Nínú Jamestown, Elmira àti Kingston, èwo ni ìwọ yóò fi ṣe àwòkọ́ṣe? Gbé ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ìdí méjì.
5. Lọ sí àárín ìlú tìrẹ. Ka ilé mẹ́wàá tó tẹ̀ léra lójú òpópónà kan, kí o kọ èyí tó ṣófo, èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù àti èyí tí ènìyàn ń gbé lókè rẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ onílé kan ohun tó ń dí i lọ́wọ́ láti tún ilé rẹ̀ ṣe. Mú àkọsílẹ̀ rẹ wá sí kíláàsì, kí ẹ jọ yan ilé tí ẹ ó kọ́kọ́ fi owó ìrànwọ́ tún ṣe bí ó bá dé ọwọ́ yín.